Ẹni Tí Yóò Bá Wọn Jíṣẹ́

"Àǹtí, màlíìsì ni kí èèyàn méjì má bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́," ni Joel wí. Gbogbo kíláàsì sì gbè é lẹ́yìn.

Mọ́ṣádé, olùkọ́ wọn, rẹ́rìn-ín. "Odì nìyẹn, Joel. Àwa níbí la sọ ọ́ di màlíìsì. Lọ́dọ̀ àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì, àránkàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kó dun ẹnìkejì. Ẹni tó ń yodì lè má gbèrò ibi kankan."

Ó fi ìdánilójú sọ ọ́, nítorí òun náà ń yodì nílé. Láti ọjọ́ tí Adélékè ọkọ rẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀ láàárín mọ̀lẹ́bí l'Áyépé pé ìyàwó òun ló fà á tí àwọn fi bí ọmọ kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹyin lohùn, èyí balẹ̀, ó sì fọ́. Màmá Adélékè nìkan ló gbèjà Mọ́ṣádé lọ́jọ́ náà. "Ṣé ìwọ ni Ọlọ́run ni?" ló bi ọmọ rẹ̀.

Ayọ̀tọ̀míwá, ọmọ kan ṣoṣo ọ̀hún, ló wá di ògbifọ̀ inú ilé. "Sọ fún dádì ẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀." "Sọ fún mọ́mì ẹ pé mo ti jẹun níta." Bàbá ń gbọ́, ìyá ń gbọ́, síbẹ̀ ọmọ gbọ́dọ̀ tún un sọ. Ó ti mọ́ gbogbo wọn lára.

Lọ́sàn-án Sátidé, Màmá pe Mọ́ṣádé láti Ayépé.

"Ìyàwó mi, fóònù ọkọ ẹ ò lọ. Sọ fún un kó gbé mọ́tò wá. Àyà ń dùn mí, mi ò rẹ́ni gbé mi lọ ọsibítù."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Màá sọ fún wọn."

Adélékè wà ní pálọ̀, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Iná ò sí, fóònù rẹ̀ ti kú. Mọ́ṣádé dé ẹnu ọ̀nà, ó la ẹnu. Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó sì kọjú sí fèrèsé. Ni Mọ́ṣádé bá pa ẹnu dé. Ayọ̀ ò ní pẹ́ dé láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì, ló sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ó padà sídìí ẹ̀fọ́ tó ń já.

Òjò dé, ó sì dá Ayọ̀ dúró. Nígbà tó fi wọlé tó jíṣẹ́, tí Adélékè sì mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, àwọn aládùúgbò l'Áyépé ti faṣọ bo Màmá lójú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni Adélékè tó padà. Ó dúró níwájú Mọ́ṣádé, ó sì bá a sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

"Ìgbà wo ni màámi pè ẹ́?"

"Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀."

"Mo wà ńlé."

"Ẹ wà ńlé."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Mọ́ṣádé kò fẹ́ kí Màmá kú, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lánàá, ó dùn mọ́ ọn díẹ̀ pé òun mọ ohun tí Adélékè kò mọ̀. Ìyẹn ni kò lè sẹ́. Ojú tì í, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ bú mi. Ẹ ṣáà máa bá mi sọ̀rọ̀."

Adélékè kọjú sí ọmọ tó ń sunkún létí ilẹ̀kùn.

"Ayọ̀tọ̀míwá, sọ fún mọ́mì ẹ pé Ẹtì tó ń bọ̀ la máa sin Màmá. Kó má wulẹ̀ wá."

Ọmọ náà nu ojú rẹ̀. "Mọ́mì, dádì ní Ẹtì tó ń bọ̀ la máa sin Màmá. Wọ́n ní kí ẹ má wulẹ̀ wá."

Mọ́ṣádé ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Sọ fún wọn pé mo ti gbọ́."