Áìsìkiriìmù Adébísí Nínú Fíríísà Ẹlẹ́ja

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yínmú sí èèyàn, kó wá sí Ìkòsí, kó béèrè Adébísí. Obìnrin yìí ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan nígbà kan rí, láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó jọ ọ́ lójú mọ́. Àwọn aláta Mile 12, ará oko ni wọ́n. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé, ọ̀bùn ni wọ́n. Ti Tàwàkálítù, ìyá Faridah, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, tó ń ta ẹja inú yìnyín, ìyẹn tilẹ̀ tún burú jù. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, ṣe ni Adébísí á fi etí ìró dí imú.

Ẹnu kan náà yìí ló ti lé àfẹ́sọ́nà méjì sá fún Dàmọ́lá, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó sọ fún ìyá ti àkọ́kọ́ pé bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ ti ẹni tó ń ti oko àkùrọ̀ bọ̀. Ó bi bàbá ti èkejì bóyá ó mọ̀wé kà. Dàmọ́lá sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Nígbà tí Akínbíyì, ọmọkùnrin kan láti Ifákọ̀, wá sọ pé ìyá òun fẹ́ wá kí wọn ní Sọ́ńdè, Dàmọ́lá kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ kàn máa rẹ́rìn-ín."

"Kí ni ìyá rẹ̀ ń ṣe?"

"Òwò ni wọ́n ń ṣe."

Ibẹ̀ ló fi mọ, torí ó mọ ìyá tó bí i.

Adébísí ní ta ni kì í se ráìsì fún àlejò? Áìsìkiriìmù lòun máa ṣe fúnra òun, kí àwọn ará Ifákọ̀ lè mọ̀ pé ojú àwọn ti là tipẹ́. Ó wò ó nínú fóònù. Ó ra kiriìmù, ó ra mílíìkì aládùn tó ki, ó fi míkísà pò ó títí tó fi wú, tó funfun báláú. Ó dùn, ká má parọ́. Ó gbé e sínú fíríísà kékeré rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ni wọ́n bá mú iná lọ.

Títí ìrọ̀lẹ́, iná ò dé. Jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́, ti Tàwàkálítù tó máa ń bú pé ó ń pariwo nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Kiriìmù ti ń yọ́. Kò síbi tó lè gbé e lọ àfi ibẹ̀.

Kó tó sọ ọ́ tán, Tàwàkálítù ti ṣí fíríísà ńlá rẹ̀, ó ń kó ẹja títọ́ọ̀sì àti kótè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rá dì í dáadáa fún yín, Mọ́mì Dàmọ́lá. Ẹja máa ń ran nǹkan lóòórùn, pàápàá nǹkan tó bá ní mílíìkì."

Bó ṣe nawọ́ sí abọ́, Adébísí fà á sẹ́yìn. "Má fọwọ́ ẹja kàn án. Ìmọ́tótó ni mo fi ṣe é."

Ẹ gbọ́ o. Níwájú fíríísà ẹni ẹlẹ́ni. Ó fi àwo lásán dé abọ́ náà, ó gbé e sáàárín ẹja, ó sì jáde láì dúpẹ́. Tàwàkálítù wò ó lẹ́yìn títí, ó rọra pa fíríísà dé.

Mọ́mì Akínbíyì dé lẹ́yìn ìsìn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Adébísí wò ó látòkè délẹ̀, kò rí àléébù kankan, ó sì dùn ún díẹ̀. Dàmọ́lá lọ gbé áìsìkiriìmù wá. Ó ti dì, ó wuni lójú. Ṣùgbọ́n bí ṣíbí ṣe wọnú rẹ̀ báyìí, òórùn kótè gba gbogbo pálọ̀.

Ẹni tó gbọ́n á ní, "Ẹ má bínú, iná ló lọ, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni mo gbé e sí." Kí ló le níbẹ̀? Adébísí kọ̀.

"Ẹ ò rí ohun tójú mi ń rí nílé yìí," ó ní, ó yínmú sí ìlẹ̀kùn. "Ẹlẹ́ja kan ló wà lódìkejì, òórùn rẹ̀ ló ń wọlé yẹn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹni tó ń fi gbogbo ayé rẹ̀ ha ìpẹ́ ẹja, kí ló fẹ́ fi kọ́ ọmọ? Irú wọn ò lè tọ́ ọmọ gidi."

"Mọ́mì," Dàmọ́lá ní.

"Jẹ́ n sọ̀rọ̀, jàre."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mọ́mì Akínbíyì fa ife tirẹ̀ mọ́ra. Ó jẹ áìsìkiriìmù náà tán pátá, ó rọra gbé ife sílẹ̀.

"Ẹ ṣé," ó ní. "Òórùn ọ̀hún ò ti ìta wọlé, inú áìsìkiriìmù ló wà. Kótè ni. Kí n tó bí Akínbíyì ni mo ti ń tà á ní Gbàgádà. Òun náà ni mo fi tọ́ ọ."

Àlejò náà ti yíjú sí Dàmọ́lá.

"Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀. Ìwọ lọmọ mi fẹ́, ìwọ ni mo wá wò. Mú mi lọ kí ẹni tó yá yín ní fíríísà."

Wọ́n jáde. Wọn ò ti ìlẹ̀kùn. Láti orí àga rẹ̀, Adébísí ń gbọ́ tí Tàwàkálítù ń kí wọn káàbọ̀, tó ń nu àga fún wọn. Kò pẹ́, àwọn ẹlẹ́ja méjèèjì ti ń rẹ́rìn-ín nípa àwọn oníbàárà tó máa ń dúnàádúrà títí yìnyín á fi yọ́. Adébísí bu ṣíbí kan nínú áìsìkiriìmù náà sẹ́nu. Kótè ni lóòótọ́. Ó fẹ́ yínmú, imú ò dá a lóhùn.

Ìgbà náà ló gbọ́ tí Mọ́mì Akínbíyì béèrè oṣù tí àwọn lè kó ẹbí wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Adébísí dìde wuyà. Ìyá ìyàwó ni wọ́n ń bi nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà, Dàmọ́lá ti fèsì.

"Mọ́mì Faridah, ẹ bá wa mú ọjọ́."

Tàwàkálítù sì bá wọn mú un.