Ọjọ́bọ̀ Tí Ilẹ̀ Kò Mọ́

Ìgbà tí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yunifọ́ọ̀mù láàárọ̀ ni ọmọbìnrin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ìgbàgbé àgbà lásán. Ọkọ̀ ojú irin ni bàbá náà wà títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Bàbá Fèrè ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń fọn fèrè ọkọ̀ kíkankíkan tó bá ń kọjá lẹ́yìnkùlé wọn. Ó ti fẹ̀yìntì tipẹ́. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ rẹ̀ jí bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti de bọ́tìnnì dé ọrùn, ó ń wá fìlà.

"Bàbá mi, níbo lẹ ń lọ?"

"Ìyá mi, irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé ọkọ̀ á wa ara ẹ̀ ni?"

Ìyá mi ló ti ń pè é láti kékeré, torí ojú ìyá tó bí bàbá gan-an ni ọmọ náà gbé wá sáyé.

Iṣẹ́ tí ọmọ yìí ń ṣe ò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ àti aago. Ní ilé iṣẹ́ oògùn kan, òun ló ń kọ ètò tó ń darí ẹ̀rọ tó ń tẹ ọjọ́ sára páálí. C ni èdè tó fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ò mọ Ajé, kò mọ ọ̀sán. Nọ́mbà ló ń kà ṣáá, ẹni tó bá sì fẹ́ kí èèyàn rí nǹkan kà níbẹ̀ ló máa sọ nọ́mbà náà di ọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí òun ń ṣe fún páálí oògùn, òun á ṣe é fún bàbá òun.

Ó ra kọ̀ǹpútà kan tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n àlòkù, ó gbé e síwájú àga bàbá. Nínú C, irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní strftime. Èèyàn á kọ gbólóhùn fún un, á fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí ọjọ́ àti aago máa bọ́ sí, á sì fún un ní àpótí tí gbólóhùn náà máa wọ̀. Òun náà á dí àlàfo ọ̀hún. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ èdè ilé wọn, nítorí náà ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ to orúkọ ọjọ́ méjèèje àti ti oṣù méjìlá. Nígbà tó kọ́kọ́ tàn án, oṣù tó ti lọ ló gbé jáde, torí òdo ni C ti ń ka oṣù, òun sì ti ka tirẹ̀ láti oókan. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un ṣe.

Bàbá fẹ́ràn ẹ̀. Tó bá ti jí, á jókòó, á ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sókè bí ẹni ń ka ìròyìn: "Òní ni Ajé. Ajé á wọlé wa o!" Ìbéèrè pé ọjọ́ wo la wà dínkù. Inú ọmọ dùn débi pé ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ìlú mìíràn, ẹni tó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí pé kí wọ́n gbé bàbá lọ sílé ìtọ́jú àwọn àgbà.

"Àbúrò mi, ẹ̀rọ ò lè ṣe ìtọ́jú èèyàn," ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì rí i ni. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná."

Ohun tí wọ́n ń wò náà ò pẹ́. Ajé tó ń kà yẹn ló tún ń pè é síbi iṣẹ́. Tó bá ti kà á tán, ó di yunifọ́ọ̀mù. Ọmọ wá fi kún un pé: *Ẹ ti fẹ̀yìntì, Bàbá.* Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbọ́ igbe láti pálọ̀.

"Ta ló lé mi lẹ́nu iṣẹ́? Kí ni mo ṣe fún wọn?"

Ó ṣàlàyé, ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, bàbá tún kà á, ọ̀rọ̀ náà sì tún di tuntun létí rẹ̀, ó tún sunkún. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́tun. Ọmọ ò lè fara dà á mọ́, ó pa gbólóhùn náà rẹ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ó kọ òmíràn tó tutù, tó sì gùn díẹ̀: ọjọ́ náà àti bóyá àárọ̀ ni tàbí ọ̀sán, pé kí bàbá ṣí fèrèsé, kó jẹun, pé ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ó fi Àbámẹ́ta wọn àpótí wò, torí òun ló gùn jù lójú. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n pè é pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dúró níbi iṣẹ́. Bàbá ṣì ń sùn nígbà tó sáré jáde, kò bojú wo pálọ̀. Ó ti bẹ aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ pé kó gbé oúnjẹ gòkè lọ́sàn-án.

Aránṣọ náà gòkè lóòótọ́, ó kanlẹ̀kùn. Bàbá dá a lóhùn láti inú ilé: "Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ẹ padà lọ sùn."

Aránṣọ rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àwo sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ọmọ dé nírọ̀lẹ́, oúnjẹ ti tutù lórí ilẹ̀. Kọ́tínì ò ṣí. Bàbá jókòó sórí àga pẹ̀lú aṣọ ìsùn, ọwọ́ lé orúnkún, ojú rẹ̀ ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo lójú ẹ̀rọ náà. Òórùn ìtọ̀ gba yàrá kan. Ó ti tọ̀ sára, ó ti gbẹ, ó tún ti tọ̀.

"Ìyá mi, ilẹ̀ ò mọ́ lónìí. Mo dúró, mo dúró, kò mọ́. Ẹ má bínú sí mi."

Ó ti fẹ́ dá a lóhùn kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e. *Ẹ.* Láti ọjọ́ tó ti dáyé, "o" ni bàbá ń wí fún un. Ẹ̀rù ba àgbàlagbà tó jókòó yìí bí ẹ̀rù ṣe ń ba ọmọ tó tọ̀ sílé, ìyá rẹ̀ tó ti kú ló sì ń bẹ̀.

"Mi ò bínú," ó wí. "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ wẹ̀."

Ó wẹ̀ ẹ́, ó pààrọ̀ aṣọ fún un, ó fún un lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà ló ṣí ètò rẹ̀ wò. Lẹ́tà márùn-ún péré ni Ọjọ́bọ̀ lójú èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń gbàyè fún àmì orí àti fún àmì ìsàlẹ̀, àyè tí Ọjọ́bọ̀ sì gbà nínú àpótí ju ti Àbámẹ́ta lọ. Bí gbólóhùn ò bá wọ àpótí, strftime kì í gbé e jáde, òdo ló ń dá padà, kó lè jẹ́ kéèyàn mọ̀. Ọmọ ò yẹ òdo náà wò. Lẹ́nu iṣẹ́, kì í gbàgbé láé láti yẹ̀ ẹ́ wò fún páálí.

Ó fẹ àpótí náà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n bàbá ò ka nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Á wo ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń wo ara ògiri. Ọmọ fẹ lẹ́tà sí i, ó gé gbólóhùn kúrú, títí ó fi ku *Àárọ̀ ni* nìkan. Bàbá gbé aṣọ ìnura bo ojú ẹ̀rọ náà, ó ní ẹ̀rọ ń wo òun.

Lọ́jọ́ tí bàbá tún jáde, tó ń wá ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin láìwọ bàtà, ọmọ fúnra rẹ̀ ló pe ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ máa bọ̀," ó wí. Ẹ̀gbọ́n ò sọ pé ṣebí òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ì bá sàn ká ní ó sọ ọ́.

Wọ́n fi ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n gbé bàbá lọ sílé ìtọ́jú àwọn àgbà. Yàrá tí wọ́n fún un mọ́ tónítóní, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà. Nọ́ọ̀sì tẹ́ ibùsùn, ó bá bàbá ṣeré, bàbá rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ kó aṣọ rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ká wọn, ó tún wọn ká. Nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn ká mọ́, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó di ọwọ́ bàbá mú.

Bàbá rọra fa ọwọ́ náà yọ. Ó sún mọ́ nọ́ọ̀sì, ó rẹ ohùn sílẹ̀, kó má bàa dójú ti àlejò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún obìnrin yẹn kó máa lọ sílé. Ó ṣe dáadáa fún wa, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ẹ̀ á ti máa wá a."

Nọ́ọ̀sì wojú ọmọ. Ọmọ dìde. Ó kí bàbá pé ó dàárọ̀, ó kúnlẹ̀. Bàbá dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí a ṣe ń dá ẹni tí a ò mọ̀ lóhùn, ó sì yíjú sí ọgbà. Ẹ̀gbọ́n ti tan ọkọ̀ níta. Ọmọ wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n sì wa ọkọ̀ náà lọ sílé.