Orin Mẹ́jọ Tí Kò Ní Àlàfo

Kí ọkọ mi tó gbé àwo orin tirẹ̀ jáde, ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń bá a de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí àwọn tó gbọ́ àwo náà ò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi ẹnu wọn sọ ohun tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní sọ. Inú ṣì ń bí mi sí wọn. Inú ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Gìtá béèsì ni ọkọ mi ń ta. Gìtá olókùn mẹ́rin ni, ìsàlẹ̀ orin ni ohùn rẹ̀ máa ń wà, ẹni tí kò bá fetí sílẹ̀ dáadáa kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi ọjọ́ tó bá dákẹ́. Ọdún méjìlélógún ló fi dúró lẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ olórin kan tí kì í kọ orin kan náà lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Orin tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n á fà á di ogójì. Ẹnì kan á yà kúrò lójú ọ̀nà, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e, wọ́n á rìn títí wọ́n á fi gbàgbé ilé, ọkọ mi ni yóò sì fà wọ́n padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn olólùfẹ́ wọn fi ń pè é ní Baba Ìsàlẹ̀. Baba Ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń wárí fún yìí, èmi ni mò ń rán an pé kó lọ ra ọṣẹ wá.

Àwọn olólùfẹ́ yẹn, ẹ̀dá ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kò sí ibi tí ẹgbẹ́ náà ti ṣeré tí wọn kì í gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ dé. Wọ́n á fún eré kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n á sì máa bá ara wọn jiyàn lé e lórí fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tó jẹ́ olórí wọn ni bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Akọ̀wé, nítorí iṣẹ́ akọ̀wé ló fi fẹ̀yìn tì, kò sì tíì jáwọ́ nínú ìwé kíkọ. Ìwé rẹ̀ nípa ẹgbẹ́ náà ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó lè sọ fún yín pé ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ní ọjọ́ báyìí, láàárín orin kẹta, ọkọ mi sín.

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, lórí ìtàgé, ìka méjì tó kángun ní ọwọ́ òsì ọkọ mi kọ̀, wọn ò tẹ okùn. Wọ́n ní ìka ò dọ́gba. Ti ọkọ mi ò dọ́gba, wọn ò tún wá gbọ́ràn. Ibi tó yẹ kí ohùn mẹ́ta ti dún, nǹkan kan ò dún níbẹ̀. Àwọn èrò hó yèè. Wọ́n rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, pé àgbà ọ̀jẹ̀ ti rí ọ̀nà tuntun. Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì sọ ọ́ lórúkọ: Àlàfo. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ka Àlàfo bí ẹni ń ka gólì. Bó bá pé mẹ́fà nínú eré kan, inú wọn á dùn délé. Wọ́n tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì.

Alágbàfọ̀ sì ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú títì, ilé wa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bá mi rò ó wò. Dókítà sọ fún wa láàárọ̀ pé iṣan ọwọ́ ọkọ mi ló ń kú, pé kò sóògùn, pé ọwọ́ kejì náà ń bọ̀ lọ́nà. Mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo gbé áyọ́ọ̀nù, mo tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà sórí tábìlì, ÀLÀFO ni wọ́n kọ gàdàgbà sáyà rẹ̀. Àìsàn ọkọ mi ni mò ń lọ̀ kó lè gún. Mo lọ̀ ọ́. Kí ni ǹ bá ṣe?

"Bàbá ọmọ mi," mo wí fún un lọ́jọ́ náà, "ẹ sọ fún àwọn èèyàn yìí. Ẹ sọ fún wọn pé àìsàn ni, kì í ṣe ọgbọ́n."

"Bí wọ́n bá mọ̀, àánú ni wọ́n á fi máa gbọ́ mi. Mi ò fẹ́ àánú, etí ni mo fẹ́."

"Etí wo? Etí tó ń gbọ́ àìsàn tó ń pè é ní ọgbọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kí n ṣe ọ̀kan tó pé. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí wọ́n gbọ́ ohun tí mo ní lọ́kàn láti ta gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ọwọ́ máa lọ síbi tó ń lọ. Ṣèlérí pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ṣèlérí. Bí àwo náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Oṣù mọ́kànlá ló gbà á. Yàrá kan wà tí mò ń kó aṣọ tí àwọn oníbàárà ò wá gbà mọ́ sí. Ibẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ sí, nítorí àwọn kóòtù tí mo fi kọ́ ara ògiri kì í jẹ́ kí ohùn ta padà. Àárọ̀ nìkan ló lè ṣiṣẹ́. Màá bu omi gbígbóná sínú bàsíà, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí ìka á fi rọ̀, á wá sáré lọ ta ìlà méjì kí wọ́n tó tún le gan. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ìlà kan péré ló rí ta, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí á kàn jókòó sáàárín kóòtù àwọn tó ti gbàgbé kóòtù wọn, tí kò ní ta nǹkan kan. Nígbà tó parí, orin mẹ́jọ ni, kò sí ohùn kan tó ṣubú nínú wọn. Ó pè mí wọlé kí n wá gbọ́ ọ. Mi ò mọ orin tó bẹ́ẹ̀, èyí tó bá ti wọ̀ mí lára ni mo mọ̀. Ìkẹta ni orin kan tó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ àtẹ̀gùn, ìyẹn ló pa mí lẹ́kún.

Ọjọ́ Ẹtì ni àwo náà jáde. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ wa obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, jókòó sórí páálí ọṣẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka ohun tí àwọn olólùfẹ́ ń kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún bàbá rẹ̀.

"Wọ́n ní, 'Ẹ kú iṣẹ́, Baba Ìsàlẹ̀.'"

"Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

Ọmọ náà fi ìka ti fóònù sókè díẹ̀. "Wọ́n tún ní, 'Ẹ kú iṣẹ́.'"

"Má fo nǹkan kan. Kà á bó ṣe wà."

Ó bá kà á. Ẹnì kan ní oorun ti gbé òun lọ kí orin kejì tó parí. Ẹnì kan ní àgbà ti dé sí Baba Ìsàlẹ̀, ó ti ń bẹ̀rù kó má ṣubú. Òmíràn béèrè pé, "Àlàfo dà?", ogójì èèyàn sì béèrè nǹkan kan náà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ti Akọ̀wé ló gbẹ̀yìn: "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ọ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Nínú orin mẹ́jọ, mi ò rí Àlàfo kan ṣoṣo. Baba Ìsàlẹ̀ fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó ká a. Ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò sí èèyàn nínú aṣọ náà."

Díẹ̀ ló kù kí n jó aṣọ oníbàárà. Èpè tó wá sẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, ọmọ mi ló bẹ̀ mí kí n tó gbé e mì. Ọkọ mi ní kí ọmọ tún ìlà tó gbẹ̀yìn kà, ó gbọ́ ọ tán, ó wọlé lọ. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni kò sún mọ́ gìtá.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Akọ̀wé fúnra rẹ̀ gbé ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin wá fún mi fọ̀. Mo wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Bàbá wa ńkọ́? A fẹ́ bẹ̀ wọ́n ni, kí wọ́n wá fi gìtá ta orin inú àwo yẹn fún wa lójúkojú, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwo orin, ní aago mẹ́ta ọjọ́ Sátidé. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ le. Ṣùgbọ́n bí a bá rí ọwọ́ wọn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó yé wa."

Òótọ́ inú ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló tún ń dùn mí jù. Mo ti la ẹnu láti sọ òótọ́ fún un. Ọkọ mi wúkọ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó sì jáde sí wa.

"Màá wá," ó wí.

Èèyàn bí ogójì ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, lórí àga oníke, láàárín àwọn pákó tí wọ́n to àwo sí. Mo ti gbé omi gbígbóná dání nínú fúláàsì. Yàrá ẹ̀yìn ni ọkọ mi ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ta orin kìn-ín-ní, ó pé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó ka ìwé fún àlejò. Ó ta ìkejì, ó pé. Ọkùnrin kan wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́bìnrin kan níwájú ti di ojú, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, mo sì rí i pé ọkọ mi rí i. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó bọ́ sí ìkẹta.

Ibi tí orin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ni ìka méjèèjì ti ta kú. Ohùn kan sọnù. Ohùn méjì tún sọnù. Ó padà sókè láti bẹ̀rẹ̀ ìlà náà lákọ̀tun, ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí, ọwọ́ kọ̀ pátápátá. Ó dá a dúró. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú ọwọ́ òsì lórí itan, òógùn ń sun lójú rẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́.

Ìgbà náà ni wọ́n dìde. Àga ń ṣubú. "Baba Ìsàlẹ̀! Ó ti padà dé!" Ọ̀dọ́bìnrin iwájú yẹn náà ń fò sókè. Ohun kan ṣoṣo tí ọkọ mi ti fẹ́ sọ fún wọn láti ọdún méjìlélógún já mọ́ ọn lọ́wọ́, ijó ni wọ́n ń jó lé e lórí.

Akọ̀wé sáré wá bá mi, omijé lójú, ìwé lọ́wọ́. "Ìyá wa, ẹ rí i! Ohun tó yẹ kó wà nínú àwo nìyẹn!"

"Àìsàn ni," mo wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Iṣan ọwọ́ rẹ̀ ló ń kú. Gbogbo Àlàfo tí ẹ ti ń kọ sínú ìwé láti ọdún márùn-ún, àìsàn ni gbogbo ẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ló fi ta orin mẹ́jọ yẹn kó lè pé, ẹ wá ní kò sí èèyàn nínú aṣọ."

Akọ̀wé pa ìwé dé. Ó lọ jókòó sórí àga, ó sì fi ìwé náà bo àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ má bàa hàn. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi balẹ̀, mo dúró, mo ń gbádùn bó ṣe ń fọ́. Mi ò sọ fún ọkọ mi bí a ṣe ń lọ sílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọmọ wa sáré wọlé tòun ti fóònù. "Dádì! Wọ́n ti yí ohùn padà!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹnì kan ní kò sí àwo tó dára tó o láyé. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, inú mi dùn débi pé mo di tábìlì mú. Òmíràn ní òun sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀rín náà dín kù. Òmíràn ní, "Akíkanjú ni yín, Baba Ìsàlẹ̀, Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà." Ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró.

"Ta ló sọ fún wọn?"

Ọmọ wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Èmi ni," mo wí. "Ẹ dákun, ẹ má bínú. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́."

Kò pariwo. Ì bá dára bó bá pariwo. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ka ti Akọ̀wé fún mi, èyí tó kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Èyí tí kò dáa yẹn? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Dádì?"

"Nígbà tó kọ ìyẹn, ó rò pé ara mi le. Kà á."

Ọmọ náà wá a lọ sókè, ó wá a wá sílẹ̀. "Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti pa á rẹ́. Ó ní kí gbogbo wọn pa tiwọn rẹ́, torí ọ̀wọ̀ yín."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Dádì."

Ó mi orí, ó ní kó pa fóònù, kó lọ sinmi. Láti ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orin nínú àwo yẹn, ọwọ́ tó ń kú ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Etí kan ṣoṣo tí ọkọ mi bẹ ayé fún, èmi ìyàwó rẹ̀ ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.