Ẹja Tó Bímọ Níbi Ìkómọ

"Màmá! Ẹja inú korobá yẹn dà?"

Àrìmíyàù ti ki ẹsẹ̀ kan bọ ṣòkòtò, ó ń fi èkejì ta pọ́ń-pọ́ń jáde sí àgbàlá. Àwọn àlejò ìkómọ ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ìyá ìyàwó rẹ̀, Màmá Nimotou, ò tiẹ̀ yíjú.

"Òun nìyí nínú àwo omi. Àna mi mà gbọ́n o! O rántí pé a kì í sọmọ lórúkọ láìsí ẹja. Tá a bá ṣàdúrà tán, ìyá ọmọ á fi jẹ àtíẹ́kẹ́ ẹ̀gẹ́ rẹ̀."

"Ẹ gbà mí! Ẹja yẹn ni mò ń bá ṣiṣẹ́!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹja ni patron ẹ, ọ̀gá tó ń sanwó fún ẹ?"

Irọ́ kọ́. Tíṣà àgbà kan tó ń ṣèwádìí nípa ẹja, Musiọ̀ Célestin, ló gba Àrìmíyàù síṣẹ́ pé kó máa tọ́jú ẹja òun. Adágún kan ṣoṣo ní Kamẹrúùnù ni irú rẹ̀ wà láyé, ó sì ti ń tán lọ níbẹ̀. Akọ kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, abo nìkan ló kù. Délestage ọdún 2010 yìí, tí wọ́n ń pín iná fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, wá gbé iná lọ, ẹ̀rọ atẹ́gùn dákẹ́, ni Célestin bá ní kó gbé e lọ sílé ní àdúgbò Abobo, kó máa fi páńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sómi rẹ̀.

Kó tó débẹ̀, Màmá ti gbé àwo sókè lórí ọmọ. "Orí lẹja fi ń la ibú já. Orí ẹ á la ọ̀nà fún ẹ..."

Ẹja la ẹnu. Ẹja wínníwínní tú jáde níbẹ̀, bí ìrẹsì tó yọ láti ojú àpò. Ẹnu ni irú ẹja yìí ń kó ọmọ sí.

"Yéè! Ó bímọ!"

Màmá rọra gbé àwo kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá wa. Ẹ má bínú, a ò mọ̀." Ó kọjú sí àwọn àlejò. "Ta ló fẹ́ jẹ ọlọ́mọ?"

Fausiatou, ìyàwó Àrìmíyàù, gbé ọmọ tirẹ̀ sún mọ́ àwo, omijé ayọ̀ lójú rẹ̀.

Àrìmíyàù ka àwọn ọmọ ẹja náà: dix-sept, mẹ́tàdínlógún. Ó lè purọ́ kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ó pe Célestin lórí fóònù.

"Patron, ẹja yín bímọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù ká jẹ ẹ́. Ẹ̀bi mi ni, mi ò sọ fún wọn nílé."

Àrìmíyàù gbọ́ tí Célestin ń fa imú bí ẹni tó ń sunkún ayọ̀.

"Ẹ máa bọ̀, patron," ló sọ jẹ́jẹ́. "Màmá ní a ò ní sọ wọ́n lórúkọ lẹ́yìn yín."