Ẹsẹ̀ Adìyẹ, Ọwọ́ Bíríkìlà

Dókítà ti ìka bọ kòtò kékeré tó wà ní ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún Hezekiah, ó tẹ̀ ẹ́. Hezekiah fò sókè lórí bẹ́ǹṣì.

"Ibẹ̀ gan-an ni."

Dókítà gbé fọ́tò egungun sí ojú fèrèsé. Láàárín àwọn egungun ọrùn ọwọ́, ọ̀kan wà tó rí bí obì kékeré. Ó ti là sí awẹ́ méjì.

"Ó ti tó oṣù mẹ́wàá tí awẹ́ méjèèjì ti kọ ara wọn sílẹ̀, Baba. Ta ló ní kí wọ́n tètè tú igi tí wọ́n fi dì í?"

"Adìyẹ ni," Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọbìnrin rẹ̀, dáhùn.

Hezekiah wò ó pé kó dákẹ́, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Nígbà tó já bọ́ láti orí àkàbà ní Ìgbájọ, níbi tó ti ń rẹ́ ilé tí ará Èkó kan ń kọ́, Baba Ọláníyì, teguntegun ní Ìlá, ló bá a di ọwọ́. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, baba náà ṣẹ́ adìyẹ kan lẹ́sẹ̀, ó fi irú igi àti irú oògùn kan náà dì í. Ọjọ́ tí adìyẹ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni wọn yóò tú ọwọ́ aláìsàn. Dinah ìyàwó Hezekiah ló mú adìyẹ náà wá. Ọ̀sẹ̀ kẹrin kò tíì pé tó fi ń fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n tú ọwọ́. Dinah rẹ́rìn-ín títí, ó ní ẹni tó bá pa adìyẹ òun yóò rí ìjà òun.

Dinah fúnra rẹ̀ kò rí ìparí òjò ọdún náà.

Ọwọ́ tó ti rẹ́ ìdajì ilé Ìlá kò wá lè rẹ́ ibojì kan ṣoṣo. Hezekiah kò sì jẹ́ kí bíríkìlà mìíràn fọwọ́ kan òkìtì erùpẹ̀ náà. Kò ní orúkọ lórí. Koríko ń hù níbẹ̀, adìyẹ sì ń fi ẹsẹ̀ tú u.

"Ẹsẹ̀ adìyẹ máa ń tètè jinná," dókítà wí, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Egungun tiyín yìí kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó. A ó bu díẹ̀ lára egungun ìbàdí yín, a ó kì í sáàárín awẹ́ méjèèjì."

"Ẹ ó gé ibi tó dá láti fi tún ibi tó bàjẹ́ ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

Bíríkìlà wo ló ń yọ búlọ́ọ̀kù lára ògiri tó dúró, láti fi dí ògiri tó lanu? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àmọ́ adìyẹ ni wọ́n bá sáré nígbà tí wọ́n tú ọwọ́ òun.

"Bí ó bá kọ̀ tí kò so pọ̀ ńkọ́?"

"Ó lè kọ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín."

Rẹ̀mílẹ́kún fà á láṣọ. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká pe Adégbọlá wá rẹ́ ibojì Màmá. Kò dìgbà tí wọ́n bá gé yín."

"Adégbọlá tí ògiri rẹ̀ ń wọ́ bí ọ̀mùtí? Òun ni yóò kọ orúkọ ìyá rẹ?" Ó kọjú sí dókítà. "Ẹ gé e."

Ọwọ́ òsì ló fi kọ orúkọ sí ìwé àdéhùn. Ó rí bí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ.

Oòrùn ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ti ń rọ̀ nígbà tó lajú. Wọ́n ti fi ohun funfun rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó wò ó yípo.

"Ẹni tó rẹ́ èyí kò mọ iṣẹ́," ó wí. "Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dán."

Rẹ̀mílẹ́kún rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. "Dókítà ní oṣù mẹ́ta ni. Ṣé ọwọ́ ń dùn yín?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé tí ẹ̀ ń fajú ro?"

Ó fi ọwọ́ òsì wá ìbàdí rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ó gbé e lé e jẹ́jẹ́.

"Ibi tí wọ́n ti bù ú ló ń dùn mí."

Hezekiah gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú yàrá náà, ó sì mọ̀ pé láti ìgbà òjò tí Dinah lọ ni òun ti ń wá ọ̀rọ̀ yẹn.