Ìmọ́lẹ̀ fún Àká Lucien

Cécile ju fìtílà alágolo náà sílẹ̀ níwájú Ògúntóyè, epo inú rẹ̀ sì ta sí i lẹ́sẹ̀.

"Ta ló gbé èyí kọ́ sókè èèpo àgbàdo?"

Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Ògúntóyè jókòó sí tó ń fi òkúta pọ́n àdá, òjò sì ń lu páànù lókè orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Lucien ni. Láti ọjọ́ tí Lucien, ọkọ Cécile, ti kú, òun ló ń bójú tó ohun gbogbo nínú agbo ilé náà.

"Èmi ni mo gbé e kọ́, Ìyá Jeanne. Márùn-ún ni mo rà lọ́jà Ikpinlè. Ṣebí ìwọ lo ní inú àká ṣókùnkùn."

"Ìmọ́lẹ̀ ni mo ní kí ẹ bá wa wá, Ẹ̀gbọ́n. N kò ní kí ẹ wá iná tí yóò jó ọmọ mi!"

Jeanne dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò lè tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni okùn fìtílà kan já, tí iná bọ́ sáàárín èèpo gbígbẹ. Òun ló fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ pa kí ó tó ràn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti léròrò.

Kò sí ilé tó tóbi tó àká yẹn ní abúlé wọn, lẹ́bàá Adja-Ouèrè. Lucien ló kọ́ ọ lọ́dún tí Dahomey gba òmìnira. Ó mọ ògiri rẹ̀ nípọn, ó sì fi páànù bò ó, kí gbogbo ará ilé lè kó àgbàdo wọn pọ̀ síbẹ̀. Bí òjò bá ti wọlé dé, inú rẹ̀ ni àwọn obìnrin ń jókòó sí yín àgbàdo láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ ibẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Lọ́sàn-án gangan, ẹni tó bá jókòó sí ìpẹ̀kun kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni Lucien ti na ọwọ́ sẹ́yìn agbọ̀n ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn, tí paramọ́lẹ̀ bù ú ṣán. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti dákẹ́.

"Àtùpà gáàsì," ni Ògúntóyè wí, ó rọra ń sọ̀rọ̀, "èyí tí wọ́n máa ń fún ní afẹ́fẹ́ kí ó tó tàn, owó ewúrẹ́ mẹ́ta ni. Àwọ̀n inú rẹ̀ kì í sì pẹ́ já. Ta ni yóò máa ra òmíràn?"

"Ewúrẹ́ tí ẹ tà lóṣù tó kọjá ńkọ́? Tí ẹ fi ra redio?"

Ẹfúnwùmí, ìyàwó àgbà Ògúntóyè, bú sẹ́rìn-ín nídìí ààrò. "Redio yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò kàn mọ bí wọ́n ti ń tàn ni. Mo gbé e wọ inú àká lánàá, n kò rí nǹkan kan."

"Ẹfúnwùmí, pa ẹnu rẹ mọ́."

"Mo ti pa á mọ́, Bàbá. Ojú nìkan ni mo là sílẹ̀, kò sì wúlò fún mi níbẹ̀."

Cécile kò rẹ́rìn-ín. "Láńtánì ńkọ́? Gíláàsì wà lára tirẹ̀, iná rẹ̀ kò lè fò jáde."

"Kí ni ọ̀kan yóò ṣe nínú àká tó fẹ̀ tóyẹn? Ó tó mẹ́rin. Ǹjẹ́ o mọ iye epo tí mẹ́rin yóò máa mu láti àárọ̀ dalẹ́? Ohun tí agbára mi ká ni mo rà."

"Ohun tí agbára yín ká!" Cécile na ìka sí àká. "Òkùnkùn yẹn pa Lucien, ẹ wá fẹ́ kí iná pa ọmọ rẹ̀. Ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Àká rẹ̀ lẹ fẹ́ràn!"

Ẹfúnwùmí gbé ìgbakọ sílẹ̀. Ògúntóyè dìde dúró. Kò pariwo, ó fi àdá sílẹ̀.

"Cécile." Láti ìgbà tó ti wọlé wọn, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Fèrèsé méjì ni àbúrò mi ṣe sára àká yẹn. Méjèèjì kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ta ló ní kí ó dí wọn?"

Cécile yíjú sí ẹ̀yìn àká.

"Láti oṣù mẹ́wàá tí o ti ń bú mi, n kò sọ ọ́. N kì bá sọ ọ́ títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ mọ́ láé pé n kò fẹ́ràn Lucien."

Nítorí àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ni Cécile ṣe ní kí Lucien dí wọn. Wọ́n ń gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n ń ṣa àgbàdo jẹ, ariwo wọn kò sì jẹ́ kó gbádùn. Lucien rẹ́rìn-ín, ó ní mélòó ni ẹ̀gà lè jẹ nínú àgbàdo tó pọ̀ tóyẹn. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Cécile kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, Lucien po amọ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí méjèèjì. Àmì àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára amọ̀ náà lẹ́yìn àká. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí Cécile bá ti Máàsì dé, ó máa ń lọ síbẹ̀ lóun nìkan, a sì gbé ọwọ́ lé e.

Cécile yí padà, ó wọ inú òjò lọ. Ó mú ọkọ́ tó wà lára ògiri, ó sì gba ẹ̀yìn àká lọ. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e.

"Dúró!" Ògúntóyè ké. "A kò tíì ṣe ọdún rẹ̀. O mọ̀ pé nílé wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kan ògiri tí òkú mọ kí ọdún tó yí po. Oṣù méjì péré ló kù."

"Ọ̀la ni Jeanne yóò tún wọ inú àká, Ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe oṣù méjì sí òní."

Ògúntóyè gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Cécile rò pé yóò gbé e lọ ni. Ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ògiri, ó tẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ sórí àmì ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ó bá a mu rẹ́gí.

"Lucien," ni ó wí, "èmi ni o. Má bínú sí wa. Àwọn ará ilé rẹ kò ríran ni."

Ó dá ọkọ́ padà fún Cécile. "Ìwọ lo ní kó dí i. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ ṣí i."

Cécile gbé ọkọ́ sókè. Inú ṣì ń bí i tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rí ibi tí ó ń ṣá. Ó ń bínú sí ẹ̀gà, sí ejò, sí ọjọ́ mẹ́ta tó fi dákẹ́. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, amọ̀ náà ya, ó sì wó sínú.

Ẹfúnwùmí ti sáré gba iwájú wọ inú àká. "Mo rí ọwọ́ mi!" ni ó ń kígbe. "Yéè, ó mà ti hunjọ o!"

Ògúntóyè nu ojú rẹ̀. "N ó gba láńtánì kan dípò àwọn fìtílà yẹn, fún igun ìpẹ̀kun. N ó sì fi igi ọ̀pẹ ṣe àwọ̀n sójú fèrèsé nítorí ẹ̀gà."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ díẹ̀," ni Cécile wí.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ègé amọ̀ kan tó bọ́ síta, tí àmì àtàǹpàkò Lucien wà lára rẹ̀, ó sì gbé e lé Jeanne lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó kọjá síbi fèrèsé kejì.