Kóòtù Tó Pòórá Lórí Okùn Alágbàfọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń kàwé. Ẹ kú ìrọ́jú àsìkò yìí náà, torí gbogbo wa la mọ bó ṣe ń ta wá lára. Ìtàn tí mo gbé wá yìí, òótọ́ ni. Tí mo bá bu iyọ̀ sí i rárá, kò ju kí ó lè ṣe é jẹ lọ.

Àwọn oníbàárà ń gbá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ gbà-gbà-gbà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn! Aṣọ wa dà?"

"Wọ́n ní baba ti kú!"

"Ẹ má fẹnu yín pa ọkọ mi o!" Ìyàwó alágbàfọ̀ ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti inú ilé.

Bàbá Funfun ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ ẹ̀, torí aṣọ funfun tó bá tọwọ́ ẹ̀ jáde, ṣe ló máa ń kọ yànràn. Ni wọ́n bá kúkú ń pe obìnrin náà ní Ìyàwó Funfun, òun tó dúdú bíi kóró iṣin. Baba ò kú. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú níbi tó ti ń lọṣọ. Apá ọ̀tún ò gbé mọ́, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ti gbé e dé láti ọsibítù, ó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ tó bá fẹ́ fèsì, wú-wú-wú ló ń jáde.

Ibi tọ́rọ̀ ti di wàhálà rèé. Àwọn alágbàfọ̀ yòókù máa ń rán òwú mọ́ aṣọ, kí wọ́n lè mọ ti ẹni kọ̀ọ̀kan. Bàbá Funfun ò ṣerú ẹ̀ rí. Orí ló fi ń mọ̀ ọ́n. "Ọjọ́ tí mo bá gbàgbé aṣọ oníbàárà," ló máa ń wí, "ẹ wá ìyàwó mi lọ, mo ti gbàgbé òun náà nìyẹn." Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ní tiẹ̀, fífọ̀ àti sísá niṣẹ́ ẹ̀, kò mọ ta ló ni kí ni. Aṣọ wá kún ilé dé àjà, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ àwọn tó ni wọ́n sì dùbúlẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Funfun lóbìnrin, àgbà kan tẹ́nu ẹ̀ mú bí abẹ, fa aya àbúrò ẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, má ṣílẹ̀kùn o. Tó o bá ṣí i, wọ́n á kó o tán."

"Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ wọn náà ṣá ni."

"Aṣọ wọn! Nínú ebi tó wà nílùú yìí? Ẹni tí ò ní ṣòkòtò méjì, á rí tuntun lórí okùn, á ní kì í ṣe tòun? Bí ẹyọ kan bá sọnù, ọkọ ẹ ni wọ́n máa pè lólè. Orúkọ tó ti ń tọ́jú látìgbà èwe ẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn."

"Tí mo bá wá tì í pa, kí ni wọ́n máa pè é?"

Àgbà obìnrin pòṣé, ó yà lọ́nà fún un.

Ìyàwó Funfun wọ yàrá ẹ̀yìn. "Baálé mi, mo fẹ́ sá gbogbo ẹ̀ síta, kí kálukú mú tiẹ̀. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?" Baba gbọ́ ọ yé. Ló bá gbé ọwọ́ òsì sókè, ó tì í síwájú bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn.

Ìyàwó Funfun ṣílẹ̀kùn, ó kó gbogbo aṣọ síta, ó sá wọn sórí okùn.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ọkọ mi ò kú, kò sì ní í kú. Kò lè sọ̀rọ̀ ni, èmi ò sì mọ ti ẹnì kankan. Aṣọ yín rèé lórí okùn. Kálukú kó mú tiẹ̀. Mi ò ní ṣọ́ yín."

"Ẹ ò ní ṣọ́ wa kẹ̀?" Onítáyà tó wà lódìkejì títì ló bẹ́ sí i. "Èmi tí ìyàwó mi ń ṣọ́ ní yàrá ara mi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sẹ́ni tó mira. Olúkálukú ń wo ojú ẹnì kejì. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ jáde, ó mú yunifọ́ọ̀mù kan, ó gbóòórùn abíyá ẹ̀.

"Tèmi ni. Ọṣẹ ò lè tàn mí."

Ìgbà yẹn lara tú wọn.

"Tíṣà, ṣòkòtò yín rèé, mo mọ ibi tó ti já nídìí!"

"Ìdí ta ló já? Kí lojú ẹ ń wá níbẹ̀?"

Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì obìnrin méjì jọra, wọ́n ń ti èyí tó dáa síra wọn: "Gba èyí, òun ló dáa jù." "Rárá o, tèmi ni èyí tó ti ṣá." Ìyàwó Funfun ti wọlé padà, ó ń gbọ́ wọn, ọkàn ẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, okùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá sáré dé, òógùn bò ó.

"Ìyá, kóòtù dúdú mi dà?"

Wọ́n wá a lókè, wọ́n wá a nílẹ̀, kò sí. Ẹ má jẹ́ ká tanra wa jẹ: ẹni tó mú un mọ ohun tó mú.

"Mo sọ ọ́!" Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. "Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó sórí báfù tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò níbi iṣẹ́ kan, ó sì ti ń wáṣẹ́ tipẹ́.

"Ọmọ mi, bú mi," Ìyàwó Funfun wí. "Èmi ló yẹ kó o bú, má bú ọkọ mi."

Kò bú ẹnì kankan. Onítáyà ló dé, ó gbé kóòtù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lórí okùn lọ́wọ́.

"Gbà. Kóòtù ìgbéyàwó mi ni. Ó ti pẹ́ tóun àti ikùn mi ti kọ ara wọn sílẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọ̀ ọ́, apá ẹ̀ bo gbogbo ìka mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n mú abẹ́rẹ́. Ó ti kúnlẹ̀, ó ń ká apá kóòtù sínú, ó ń kùn:

"Dúró jẹ́ẹ́! Ṣé o fẹ́ kí n gún ẹ ni? Èèyàn ò dáa, mo ti wí. Gbé apá kejì wá."

Lálẹ́, Ìyàwó Funfun sọ fún ọkọ ẹ̀ pé ẹyọ kan lọ. Omi bọ́ lójú baba. Ìyàwó náà ò lè jẹun. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò mọ̀ bóyá kóun ṣí i tàbí kóun má ṣí i. Ẹnì kan kànkùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin àná ni. Ó ká kóòtù Onítáyà mọ́ abíyá.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ bá mi fọ èyí. Èèyàn kì í dá aṣọ àyálò padà tòun tòógùn."

"Ọ̀dọ̀ wa lo tún gbé e wá?"

"Ibo ni kí n gbé e lọ?"

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n máa retí àwọn. Ọ̀kan nínú wọn ń bi mí ta ló rán apá kóòtù mi."

Ẹ̀gbọ́n wúkọ́ nínú ilé.

Ìyàwó Funfun ò fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ kóòtù rí láyé ẹ̀. Ọwọ́ ọkọ ẹ̀ nìkan nìyẹn wà. Ó gbà á. Ó fa òwú pupa kan yọ, ó rán an mọ́ abẹ́ kọ́là, ó wá gbé àga ọkọ ẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìlọṣọ, kó lè máa fọwọ́ òsì júwe fún un. Lẹ́yìn náà ló ṣí abala kejì ilẹ̀kùn náà, kí ṣọ́ọ̀bù lè là gbayawu.

Kóòtù dúdú yẹn ò padà wá títí dòní, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣọ́ọ̀bù náà ò sì tì. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló bọ́ kóòtù ara ẹ̀ fún yín lọ́jọ́ tójú pọ́n yín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, ojú àgbà ni yóò kà á.